Ta Ló Gbé Sátẹ́láìtì Dúró Lókè?

Ìbéèrè tó dá gbogbo àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ rèé, màá sì dá àwọn ìbéèrè míì tó tẹ̀ lé e lóhùn: "Ẹ̀yin oníṣẹ́ díìṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ohun tó bá lọ sókè, dandan ni kó padà wálẹ̀. Sátẹ́láìtì ńkọ́, ẹ̀rọ òkè tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí díìṣì wa? Kò ní òpó, kò ní okùn, kò ní ìyẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kò sí òòfà ilẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún, pé ìdí nìyẹn táwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ òkè fi ń léfòó bí ewé lójú omi. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n lọ bi ẹni tó mọ̀. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?"

Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ń gbé díìṣì kọ́ káàkiri Ìbàdàn, ohun tó gbà gbọ́ yẹn ni èmi náà gbà gbọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì ń fẹnu ara mi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà.

Ilé tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àtàwọn orílẹ̀-èdè míì jọ kọ́ sókè, tí wọ́n ń pè ní ISS, kò ga ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ. Èkó sí Àbújá jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní gíga yẹn, ilẹ̀ ṣì ń fa nǹkan pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tó fi ń fà á níbi tí a jókòó sí yìí. Ká ní ẹnì kan lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga tó 400 kìlómítà, kó sì dúró lórí òrùlé rẹ̀, kò ní léfòó rárá. Ẹni tó bá wọn kílò 80 nílẹ̀ yóò wọn nǹkan bí 71 lókè yẹn. Bó bá yẹsẹ̀, gbì ló máa bọ̀.

Àwọn tó wà nínú ISS ń léfòó nítorí pé wọ́n ń já bọ̀. Àwọn àti ilé wọn, àti ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹun, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń já bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó ń yára ju ìkejì lọ, nítorí náà kò sí èyí tó ń tẹ ìkejì mọ́lẹ̀.

* * *

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí: "Ohun tó bá ń já bọ̀ a máa dé ilẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n ti gbé apá àkọ́kọ́ ilé yẹn lọ. Kí ló dé tí kò tíì dé ilẹ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ mú òkúta kan, ẹ jù ú síwájú gbọnrangandan. Kò ní jìnnà kó tó balẹ̀. Ẹ fi kànnàkànnà ta á, ó lè dé orí páànù ẹlòmíì, kí ẹ wá ọ̀nà sá lọ. Ẹ fi ìbọn yìn ín, ó tún kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń já bọ̀. Nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, òkúta yòówù tí ọwọ́ bá tú sílẹ̀ yóò já wálẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5, bíi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí àgbàlá. Eré tó ń sá lọ síwájú kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ ọlọ́jà, ó yípo ni. Bí a bá fa ìlà kan tó tọ́ bí ọfà síwájú ní 8 kìlómítà, ilẹ̀ ti tẹ̀ kúrò lábẹ́ ìlà yẹn ní nǹkan bí mítà 5. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Bí òkúta yẹn bá lè sá eré 8 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á já bọ̀ ní mítà 5, ilẹ̀ náà á sì ti sá fún un ní mítà 5. Ìṣẹ́jú àáyá kejì, bákan náà. Á máa ṣubú lọ bẹ́ẹ̀, kò ní rí ilẹ̀ tó máa ṣubú lé. Yíyípo ayé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní òbíìtì. Isaac Newton ti ronú irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó fi àgbá tí wọ́n yìn lórí òkè gíga ṣe àpèjúwe, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lá àlá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè ṣe é.

Ẹ̀yin á ní kí ló wá dé tí wọn kì í ṣe é láti orí Olúmọ gan-an. Afẹ́fẹ́ ni. Ohun tó bá ń sá irú eré yẹn nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yóò jóná kó tó kúrò ní Ògùn. Ibi tí mo ti fẹ́ kí gbogbo wa fetí sí mi nìyí: wọn kì í gòkè láti sá fún fífà ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Òkè jẹ́ ibi tí ọ̀nà ti mọ́ láti sáré, eré yẹn gan-an niṣẹ́. Kódà ní 400 kìlómítà, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì kù tó ń fa ISS sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó ń jẹ́ kó máa rẹlẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà ni wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì láti tún un tì sókè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ tíṣà ní kí ló dé tí mò ń yẹra fún "òòfà" tí mò ń sọ "fífà ilẹ̀" bí ẹni tí kò kàwé. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òòfà tí èmi mọ̀ láti kékeré ni irin dúdú tí à ń yọ lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, tí à ń fi ń ko ìṣó nílẹ̀. Èèyàn sún un sẹ́yìn bí ìka mẹ́rin, ìṣó já bọ́, ó tán. Bí a bá pe ti ilẹ̀ ní òòfà lójú ọmọdé, ohun tó máa rò nìyẹn: pé bí èèyàn bá ti gòkè díẹ̀, ilẹ̀ á jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yẹn ti gbà á. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé, èmi kọ́ ni màá yọ ọ́.

Òfurufú náà ń dà wá láàmú. Òfurufú ni ẹyẹ ń fò sí, òun náà ni ọkọ̀ òfurufú ń gbà lọ sí Mẹ́kà, a sì tún ní ọkùnrin kan lọ sí òfurufú lọ́dún 1961. Àwọn kan ti ń pe ti òkè pátápátá ní gbalasa òfurufú, ó sì dùn mọ́ mi. Níbo ló wá ti bẹ̀rẹ̀? Àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìdíje fífò lágbàáyé fi ìlà sí 100 kìlómítà, tí kò tó Èkó sí Ìbàdàn. Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń ka ẹni tó bá kọjá nǹkan bí 80 sí ẹni tó ti débẹ̀. Kò sí géètì níbẹ̀, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù. Afẹ́fẹ́ kàn ń dín kù ni, èèyàn ló fi ìlà sí i.

* * *

Ẹ má kàn gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ léfòóléfòó yẹn, ẹ dán an wò.

Ẹ wá ike omi tó ti ṣófo, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí i nítòsí ìdí. Ẹ bu omi kún un, ẹ má dé e. Omi á máa tú jáde níbi ihò náà bí ọmọdé tó ń tọ̀. Ẹ gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú fóònù tó ń ya fídíò, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Títí tó fi máa balẹ̀, omi ò ní tú jáde mọ́. Ẹ wo fídíò náà lọ́ra dáadáa: ihò ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi dúró jẹ́ẹ́ nínú ike.

Ṣé ilẹ̀ ti ṣíwọ́ fífà ni? Fífà ilẹ̀ náà ló ń gbé e bọ̀! Ike ń já bọ̀, omi ń já bọ̀, omi ò rí ohun tó máa tẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ISS láti àárọ̀ di alẹ́. (Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ o. Ike tèmi balẹ̀ sínú èlùbọ́ tí ìyálé ilé sá sí oòrùn, ó sì di ẹjọ́.)

* * *

"Ṣebí àwọn olówó ayé ń lọ ń bọ̀ báyìí? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni Jeff Bezos lò lọ́dún 2021. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ó dé gbalasa òfurufú lóòótọ́, ó kọjá 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n kò wọ òbíìtì. Ó gòkè, ó sì padà wálẹ̀ bí òkúta tí ọmọdé jù sókè. Ìyàtọ̀ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yuri Gagarin, ọmọ Soviet, yí ayé po ní April 12, 1961, ó sì lo ìṣẹ́jú 108. Ní May 5 ọdún kan náà, Alan Shepard ti Amẹ́ríkà gòkè fún ìṣẹ́jú 15, ó bọ́ sínú òkun. Àwọn méjèèjì lọ sí gbalasa òfurufú, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò tó ara wọn. Bí a bá gbé kílò kan dé 100 kìlómítà lásán, agbára tó ń gbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n èyí tó ń gbà láti fún un ní eré òbíìtì. Gíga ò wọ́n. Eré ló wọ́n.

* * *

Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an ò yé òun: níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, kí ni iná ìdí rẹ̀ ń tì tó fi ń lọ síwájú?

Ọdẹ ló máa dá yín lóhùn. Bó bá yin ṣakabùlà, ìdí ìbọn á gbá a léjìká. Kì í ṣe pé ọta kọ́kọ́ lọ kọlu ẹran kó tó padà wá tì í. Jíjáde tí ọta jáde síwájú ló ti ìbọn sẹ́yìn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń yin ooru àti èéfín jáde nídìí, èéfín lọ sẹ́yìn, òun lọ síwájú. Afẹ́fẹ́ kò bá wọn dá sí i, ìdíwọ́ ni afẹ́fẹ́ jẹ́ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bí kò bá yé yín. Ìwé ìròyìn New York Times fi Robert Goddard, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 1920, wọ́n ní kò mọ ohun tí ọmọ ilé ìwé mọ̀, nítorí ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. July 17, 1969, ọjọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, ni wọ́n tó tẹ àtúnṣe jáde. Goddard ti kú.

Epo ni wàhálà rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ń gbé epo tó máa gbé epo tó máa gbé epo. Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé àwọn ará Apollo 11 lọ sí òṣùpá, wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,900 nígbà tó fẹ́ gbéra, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló sì jẹ́ epo àti ọ́síjìn tó máa jo ó. Ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ apá ara rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà. Kí lèèyàn fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì tó ti gbẹ ṣe lórí?

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí díìṣì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Olùbéèrè wa padà wá, ó ní: "Mo ti gbà pé ó ń sáré. Kí ló wá dé tí díìṣì mi ò yí lójú kan láti 2015, tí àwòrán sì ń wọlé? Ohun tó ń sáré, ṣebí ó yẹ ká máa fi díìṣì lé e kiri?"

Ẹ kú ọgbọ́n. Èmi náà bi ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ó ní, "Ó dúró síbẹ̀ ni." Kò dúró síbẹ̀.

Bí òbíìtì bá ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó ni ìrìn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. ISS ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 92, tí ilẹ̀ fi ń mọ́ bá wọn nǹkan bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún lóòjọ́. Òṣùpá tó wà ní nǹkan bí 384,000 kìlómítà ń lo ọjọ́ 27 àti díẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí ìyípo kan yóò ti gba àkókò kan náà tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń yí. Ibẹ̀ wà: 35,786 kìlómítà, lókè ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì gan-an. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ń sáré bíi 3 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n àwa náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá ń sá eré kan náà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ lè na ìgò omi sí ara yín láti ojú fèrèsé. (Ẹ má ṣe é o.)

Ìdí nìyẹn tí díìṣì ilẹ̀ wa fi ń wo ojú kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń gbé kọ sí ìlà-oòrùn, nítorí sátẹ́láìtì rẹ̀ wà lókè ìlà 36 nínú àwọn ìlà tí wọ́n fà láti àríwá dé gúúsù lórí àwòrán ayé, tí àwa níhìn-ín sì wà nítòsí ìlà 4. Iṣẹ́ ìka ni. Bí mo bá ṣi díìṣì yí ní dígírì kan ṣoṣo, tí ojú lásán lè má kíyè sí, níbi tí sátẹ́láìtì wà lọ́hùn-ún mo ti fi ohun tó lé ní 600 kìlómítà ṣì í. Ẹ máa rí wa lórí páànù tí à ń fi ìka kékeré ti díìṣì, tí ọmọ iṣẹ́ ń pariwo látinú pálọ̀ pé "Ó ti dé! Ó ti lọ! Ó ti dé!" Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín mọ́.

Ibi jíjìn yẹn ní owó tó ń gbà. Ọ̀rọ̀ ní láti lọ sókè kó tó padà wálẹ̀, ó sì ń ná an ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní August 1963, Ààrẹ Kennedy bá Olórí Ìjọba wa, Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí fóònù látorí sátẹ́láìtì Syncom 2. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan, Kingsport, tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ló gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn náà. Syncom 2 ni àkọ́kọ́ tí ìyípo rẹ̀ bá ti ayé dọ́gba, àmọ́ òbíìtì rẹ̀ dagun, nítorí náà kò dúró sójú kan lójú ẹni tó ń wò ó láti ilẹ̀. Starlink tó wọ Nàìjíríà ní January 2023 gba ọ̀nà míì: ó rẹlẹ̀, nǹkan bí 550 kìlómítà, ọ̀rọ̀ ń yára dé, àmọ́ ó ń kọjá lórí wa fìrì. Ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ.

Ẹnì kan ju ọ̀rọ̀ sí i pé "èyí tí Nàìjíríà rà já bọ́ ní tiẹ̀." Kò já bọ́. NigComSat-1 gbéra láti Xichang ní Ṣáínà ní May 2007, iná tó ń gbà láti ara páànẹ́ẹ̀lì sólà kọṣẹ́ ní November 2008, wọ́n pa á. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú kò wọ inú kòtò, ó kàn dúró ni. Ní gíga tó wà, ìyẹn nǹkan bí 36,000 kìlómítà, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa fà á sẹ́yìn, nítorí náà ó ṣì ń já bọ̀ yíká ayé títí dòní láìdé ilẹ̀. NigComSat-1R tó rọ́pò rẹ̀ gbéra ní December 2011.

* * *

Àbúrò tó ní ká máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti Èpẹ́: mo gbọ́. Ibùdó tí ìjọba ti ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní Èpẹ́ lóòótọ́, a sì sún mọ́ ìlà àárín ayé. Ayé ń yí lọ sí ìlà-oòrùn, ní àárín rẹ̀ ó ń sá eré bíi 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú síbẹ̀ sì ń rí ìyẹn jẹ ní ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà ní ìlà-oòrùn Èpẹ́: Òǹdó, Ẹdó, Dẹ́ltà, títí lọ. Orí ta ni a fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì tó ti gbẹ já lé? Òkun ló wà ní ìlà-oòrùn Florida tí Amẹ́ríkà ti ń yin tiwọn, òkun ló wà ní ìlà-oòrùn Kourou tí àwọn ará Yúróòpù ti ń yin tiwọn ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní etíkun Kẹ́ńyà, àwọn ará Ítálì ní pèpéle kan lójú òkun nítòsí Malindi. Ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì Uhuru ti gbéra ní December 12, 1970, àyájọ́ òmìnira Kẹ́ńyà, òmìnira náà sì ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ olùbéèrè wa náà: "Ọmọ mi ní kí n bi yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló wà? Ṣé ẹ ti rí i rí ni?"

N kò rí i rí. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn bá ń rìn lókè ìlà àárín ayé, ọjọ́ díẹ̀ máa ń wà tí oòrùn ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá lówùúrọ̀. Díìṣì, sátẹ́láìtì àti oòrùn á wá wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ariwo oòrùn á bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀, àwòrán á já, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà á padà. Bí kò bá sí níbi tí mo sọ, kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Màmá kan ní Mọ́kọ́lá pè mí nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ kan ti gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó ṣáájú, ó ní afẹ́fẹ́ ti sún díìṣì, ó gun òkè, ó fọwọ́ kàn án, àwòrán sì dé. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíá, ó tún ti sún. Mo bi wọ́n pé aago mélòó ló já, mo ní, "Mà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ló dúró lẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n ní, "Oòrùn wo? Àdúgbò wo ni kò ti sí oòrùn?" Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàlàyé ni mo ti gbọ́ ohùn oníròyìn látẹ̀yìn wọn.